Iṣẹ́ Adilémú ní Ìparí Ìfigagbága Tó Fún Pinpin: Ìtàn Ìṣirò Kan nínú Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

Nínú eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó àti agbègbè rẹ̀ mọ̀ sí básíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù wọ inú apẹ̀rẹ̀ kì í wá ẹlẹ́rìí kiri, nítorí pé pátákó ayò yóò yí padà lójú gbogbo èrò ìwòran, akọ̀wé yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Adilémú, ẹni tó ń dí alátakò lọ́nà kí ó má baà jẹ ayò, kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ohun tí alátakò gbèrò má ṣẹlẹ̀, bí iṣẹ́ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru, tó jẹ́ pé àmì pé ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ ni pé ilẹ̀ mọ́ láìsí ìròyìn kankan. Ìṣòro yìí tún le sí i ní ìparí ìfigagbága tó fún pinpin, èyí tí NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó lókìkí jù lọ lágbàáyé, là sílẹ̀ pé ó jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn nígbà tí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì kò bá ju ayò márùn-ún lọ.

Ìbéèrè tó ti wà láti ìgbà pípẹ́ ni pé báwo ni ènìyàn ṣe lè fi iye sọ ipa tí adilémú kan kó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìdáhùn sí ìbéèrè náà kan àwọn ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé mẹ́ta nínú àwọn tí iṣẹ́ ìdilémú wọn ní ìparí ìfigagbága lókìkí jù lọ ni Hakeem Ọlájùwọ́n, tí wọ́n bí sí Èkó ní ọdún 1963, Bam Adébáyọ̀, tí bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, àti Giannis Adétòkunbọ̀, tí àwọn ará Gíríìsì ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Antetokounmpo, tí àwọn òbí rẹ̀ kúrò ní Èkó kí wọ́n tó bí i sí ìlú Athens ní ọdún 1994. Ohun tí ìtàn náà sì fi hàn ni pé gbogbo ìgbà ni ìṣirò ń rìn lẹ́yìn iṣẹ́, pé ìran kọ̀ọ̀kan ń rí ohun tí ìran tó ṣáájú kò rí, ṣùgbọ́n pé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí iye kan ṣoṣo tó lè dá ẹjọ́ adilémú níbẹ̀.

Ìgbà tí ojú nìkan jẹ́ òṣùwọ̀n

James Naismith ni ó dá eré náà sílẹ̀ ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, nígbà tí wọ́n kan apẹ̀rẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń kó èso mọ́ ara bálíkónì gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan. Láti ìgbà náà ni akọ̀wé ìfigagbága ti ń ka ayò. Nígbà tí líìgì tó di NBA bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1946, wọ́n ń ka ìrànwọ́ pẹ̀lú, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìyẹn sì fi jẹ ayò. Láti sáà 1950-51 ni wọ́n sì ti ń ka ríbáǹdì, èyíinì ni kí agbábọ́ọ̀lù mú bọ́ọ̀lù tó kọ̀ láti wọlé tó sì ta padà. Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ríbáǹdì nìkan ni ó sún mọ́ iṣẹ́ ìdilémú, ìgbà tí alátakò bá sì ti ju bọ́ọ̀lù tán ni òun náà ń wáyé.

Ohun tí àìkọsílẹ̀ yìí ná eré náà hàn kedere nínú ìtàn Bill Russell ti ẹgbẹ́ Boston Celtics, ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ NBA nígbà mọ́kànlá láàárín ọdún 1957 sí 1969. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1957, nínú ìfigagbága keje tó jẹ́ àṣekágbá sáà náà, Boston fi ayò 103 sí 102 ṣíwájú St. Louis Hawks nígbà tó ku bí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, tí Jack Coleman ti St. Louis sì gba bọ́ọ̀lù ní àárín pápá, tí kò sí ẹnikẹ́ni láàárín òun àti apẹ̀rẹ̀. Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ kejì, ní ìpẹ̀kun pápá, ni Russell wà nígbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù náà sí Coleman, síbẹ̀ ó sáré bá a, ó fò, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà dànù. Ìfigagbága náà wọ àfikún àkókò lẹ́ẹ̀méjì kí Boston tó fi 125 sí 123 borí. Ìwé ọjọ́ náà kọ ọ́ pé Russell jẹ ayò 19 ó sì mú ríbáǹdì 32, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí ó gbá dànù lọ́wọ́ Coleman kò ní ojú ibi tí wọn ì bá kọ ọ́ sí, nítorí pé kò sí ẹni tó ń ka irú rẹ̀ nígbà náà. Ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni ó gbé e dé òde òní.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà sì ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń mọ adilémú tó dáńtọ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Ní sáà 1968-69, tó jẹ́ sáà ìkẹyìn Russell gan-an, ni NBA bẹ̀rẹ̀ sí yan àwọn adilémú tó ta yọ, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n sì ń dìbò yàn wọ́n. Ìgbésẹ̀ pàtàkì ni èyí, nítorí pé ó jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ náà ní iyì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni ìbò ń mú jáde, kò lè sọ iye tí iṣẹ́ ẹnì kan fi ju ti ẹlòmíràn lọ.

Sáà 1973-74 àti ìbẹ̀rẹ̀ kíkà

Ní sáà 1973-74 ni NBA bẹ̀rẹ̀ sí ka nǹkan méjì tí adilémú ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Èkíní ni blọ́ọ̀kì, èyíinì ni kí adilémú fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tí alátakò ti jù sókè kí ó má baà dé inú apẹ̀rẹ̀. Èkejì ni jíjá bọ́ọ̀lù gbà mọ́ alátakò lọ́wọ́. Ọ̀nà tuntun yìí kò tíì pẹ́ oṣù kan tí Elmore Smith ti ẹgbẹ́ Los Angeles Lakers fi ṣe blọ́ọ̀kì 17 nínú ìfigagbága kan ṣoṣo ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá di ìsinsìnyí.

Ní sáà 1982-83 ni NBA dá àmì ẹ̀yẹ adilémú tó dára jù lọ sílẹ̀, Sidney Moncrief ti ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks ni ó sì kọ́kọ́ gbà á. Àwọn oníròyìn eré ìdárayá ni ó ń dìbò, iye blọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀lù tí agbábọ́ọ̀lù já gbà sì wà níwájú wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìpinnu. Báyìí ni òṣùwọ̀n fi bọ́ kúrò ní ojú nìkan, tó di ojú pẹ̀lú ìwé.

Hakeem Ọlájùwọ́n àti ìwé akọ̀wé

Kò sí ẹni tí kíkà tuntun yìí bá mu tó Ọlájùwọ́n. Àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ńtì ní Èkó, eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ni ó sì kọ́kọ́ ṣe kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Muslim Teachers College, ní apá ìparí àwọn ọdún 1970. Aṣọ́lé ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ ọ́ léraléra pé ibẹ̀ ni òun ti kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yára àti bí ènìyàn ṣe ń mọ ibi tí alátakò ń lọ kí ó tó lọ. Ní ọdún 1980 ni ó dé Yunifásítì Houston ní ìpínlẹ̀ Texas.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1983 ni ó kọ́kọ́ pàdé ìyà tó wà nínú ìparí ìfigagbága tó fún pinpin. Nínú àṣekágbá ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, tó wáyé ní ìlú Albuquerque, Houston àti North Carolina State wà ní ọ̀mì 52 sí 52 nígbà tí Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, tí bọ́ọ̀lù náà kò dé apẹ̀rẹ̀, tí Lorenzo Charles sì gbá a mú lójú òfuurufú, tó rọ̀ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ bí àkókò ṣe ń tán lọ. Ọlájùwọ́n jẹ ayò 20, ó mú ríbáǹdì 18, ó sì ṣe blọ́ọ̀kì méje lọ́jọ́ náà, wọ́n sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ nínú ìdíje náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù. Àjọ tó ń darí eré yunifásítì kò tíì sọ blọ́ọ̀kì di iye tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ nígbà náà. Sáà 1985-86 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó wọ NBA ní ọdún 1984 pẹ̀lú Houston Rockets, ìwé náà kún. Nínú sáà 1988-89, ó ṣe blọ́ọ̀kì 282, ó sì já bọ́ọ̀lù gbà nígbà 213, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ìtàn líìgì náà tó kọjá igba nínú méjèèjì ní sáà kan. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1990, akọ̀wé kọ ayò 29, ríbáǹdì 18, blọ́ọ̀kì 11 àti ìrànwọ́ mẹ́sàn-án fún un nínú ìfigagbága pẹ̀lú Golden State Warriors. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tún fídíò wò, wọ́n ní ìrànwọ́ kan bọ́ mọ́ akọ̀wé lójú, wọ́n sì fi kún un kí ó lè pé mẹ́wàá, èyí tí ì bá mú kí ó dé ìwọ̀n mẹ́wàá nínú nǹkan mẹ́rin. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ líìgì kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà gan-an, ó jẹ ayò 18, ó mú ríbáǹdì 16, ó ṣe ìrànwọ́ mẹ́wàá, ó sì ṣe blọ́ọ̀kì 11 níwájú Milwaukee Bucks, kò sì sí ẹni tó jiyàn. Àríyànjiyàn ọjọ́ kẹta náà fi hàn pé ènìyàn ni akọ̀wé, pé ojú rẹ̀ lè fo nǹkan. Ṣùgbọ́n ó tún fi nǹkan tó ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ hàn, pé gbogbo ènìyàn ń jà lórí ìrànwọ́ kan, tí kò sì sí ẹni tó béèrè bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ni blọ́ọ̀kì 11 náà ti wáyé tàbí ìparí, nítorí pé àròpọ̀ nìkan ni ìwé ń gbé jáde.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1994 ni ó sọ ìbéèrè náà di dandan. New York Knicks ti borí nígbà mẹ́ta, Houston sì ti borí nígbà méjì nínú àṣekágbá NBA, èyí tó túmọ̀ sí pé bí New York bá borí nínú ìfigagbága kẹfà, ife ẹ̀yẹ ti di tiwọn. Houston ni ó fi 86 sí 84 ṣíwájú, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ New York fún ìgbà tó kẹ́yìn. John Starks, tó ti jẹ ayò 27, tí 16 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti abala kẹrin nìkan, gba bọ́ọ̀lù náà. Patrick Ewing, tí Ọlájùwọ́n ń ṣọ́, fi ara dí ẹni tó ń ṣọ́ Starks, ọ̀nà sì là fún Starks láti ju bọ́ọ̀lù aláyò mẹ́ta tí ì bá sọ ọ́ di 87 sí 86. Ọlájùwọ́n ní láti yàn lójú ẹsẹ̀: bí ó bá dúró ti Ewing, Starks yóò jù ú láìsí ìdíwọ́, bí ó bá sì fi Ewing sílẹ̀ jù, ọ̀nà abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ti ṣí. Ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́, orí ìka rẹ̀ sì kan bọ́ọ̀lù náà bí ó ṣe ń kúrò lọ́wọ́ Starks, bọ́ọ̀lù náà kò sì dé apẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà Houston fi 90 sí 84 gba ife ẹ̀yẹ. Sáà yẹn ni Ọlájùwọ́n gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, ti adilémú tó dára jù lọ àti ti ẹni tó ta yọ nínú àṣekágbá, kò sì sí ẹlòmíràn tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní sáà kan. Nínú ìwé, blọ́ọ̀kì kan péré ni ìka tó kan bọ́ọ̀lù Starks jẹ́, ọ̀kan nínú 3,830 tí ó ṣe kí ó tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2002, bákan náà ni iyì rẹ̀ sì rí pẹ̀lú èyí tí ó bá ṣe ní ìṣẹ́jú kejì ìfigagbága tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ogún ayò borí.

Ìṣirò ìgbà tí ẹnì kan wà lórí pápá àti ìgbà tí kò sí níbẹ̀

Àléébù kíkà blọ́ọ̀kì kò mọ sí àìmọ àkókò nìkan. Adilémú tó ń sáré lé gbogbo bọ́ọ̀lù lè ṣe blọ́ọ̀kì púpọ̀, kí ó sì máa fi abẹ́ apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Blọ́ọ̀kì tó ju bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá ń dá a padà sọ́wọ́ alátakò. Ẹni tí alátakò bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbìyànjú láti ju bọ́ọ̀lù níwájú rẹ̀ kò sì ní rí ohunkóhun kọ sílẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ìṣirò fi wá ọ̀nà mìíràn, tí wọ́n yá láti inú eré họ́kì orí yìnyín, níbi tí ẹgbẹ́ Montreal Canadiens ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1950. Ọ̀nà náà ni kí akọ̀wé wo iye ayò tí ẹgbẹ́ jẹ àti iye tí alátakò jẹ nígbà tí ẹnì kan wà lórí pápá, kí ó sì yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ ayò 12 tí alátakò sì jẹ 7 ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí adilémú kan fi wà lórí pápá, àfikún márùn-ún ni tirẹ̀, ìbáà ṣe blọ́ọ̀kì tàbí kò ṣe é.

Kí ọ̀nà yìí tó lè ṣiṣẹ́, ìwé gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó wà lórí pápá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ayò tó wà lójú pátákó àti àkókò tó kù. Láti sáà 1996-97 ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà fún gbogbo ènìyàn ní NBA, ó sì jẹ́ kí ó ṣeé ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ya ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ènìyàn márùn-ún ni ó ń dí ilé mú pọ̀, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lè jẹ àǹfààní ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí àfikún rẹ̀ sì dára. Láti yanjú èyí, Wayne Winston, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Indiana, àti Jeff Sagarin ṣe ìṣirò kan fún ẹgbẹ́ Dallas Mavericks ní nǹkan bí ọdún 2000, Dan Rosenbaum, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, sì gbé irú rẹ̀ jáde ní gbangba ní ọdún 2004. Ìṣirò náà ń wo gbogbo àkójọpọ̀ ènìyàn mẹ́wàá tó ti wà lórí pápá pọ̀ rí, ó sì ń béèrè pé iye wo ni ó yẹ kí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí àròpọ̀ wọn lè bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu jù lọ.

Níwọ̀n bí àwọn ẹlẹgbẹ́ kan ti máa ń wà lórí pápá pọ̀ nígbà gbogbo, ìdáhùn ìṣirò náà máa ń yí kiri, ó lè sọ ọ̀kan di akọni kí ó sì sọ èkejì di òfò láìsí ìdí tó dájú. Ní ọdún 2010, onímọ̀ ìṣirò Joe Sill fi àtúnṣe kan hàn níbi àpérò MIT Sloan lórí ìṣirò eré ìdárayá ní ìlú Boston: kí ìṣirò bẹ̀rẹ̀ láti orí pé ìwọ̀n àárín ni gbogbo ènìyàn wà, kí ó má sì gbé ẹnikẹ́ni jìnnà sí àárín náà àfi bí ẹ̀rí bá pọ̀ tó. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn òṣùwọ̀n ìdilémú tí wọ́n ń lò lónìí dúró lé, ọgbọ́n tó sì wà nínú rẹ̀, pé kí ìdájọ́ má ju ẹ̀rí lọ, ni ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn.

Ojú kámẹ́rà

Ní sáà 2013-14, kámẹ́rà mẹ́fà mẹ́fà wọ òrùlé gbogbo gbọ̀ngàn NBA, wọ́n ń ya ibi tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan àti bọ́ọ̀lù wà nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ọdún 2013 kan náà ni àwọn olùwádìí Kirk Goldsberry àti Eric Weiss fi irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn adilémú abẹ́ apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ya iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni pé kí alátakò ju bọ́ọ̀lù kí ó sì tàsé nítorí pé adilémú wà nítòsí. Ọ̀nà kejì ni pé kí alátakò má tilẹ̀ jù ú láti abẹ́ apẹ̀rẹ̀, kí ó lọ wá ibi tó jìnnà tí ayò ti ṣòro jẹ. Dwight Howard, tó ti gba àmì ẹ̀yẹ adilémú nígbà mẹ́ta, ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀nà kejì, nítorí pé bí ó bá wà lórí pápá, àwọn alátakò máa ń sá fún agbègbè apẹ̀rẹ̀. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ti wá ní òǹkà. Láti ọdún 2016 ni NBA sì ti ń ka ìgbà tí adilémú na ọwọ́ sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yí bọ́ọ̀lù kúrò lójú ọ̀nà, àti ìgbà tí ó dúró kí alátakò wá kọlù ú.

Iṣẹ́ Adébáyọ̀ àti Adétòkunbọ̀ bọ́ sí ìgbà tuntun yìí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, nínú àfikún àkókò, Miami Heat fi 116 sí 114 ṣíwájú Boston Celtics nígbà tí Jayson Tatum ti Boston fò láti rọ bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀. Adébáyọ̀ fi ọwọ́ òsì pàdé rẹ̀ lókè, ó sì dá bọ́ọ̀lù náà padà, Miami sì fi 117 sí 114 borí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2021, nínú ìfigagbága kẹrin àṣekágbá, Milwaukee Bucks fi 101 sí 99 ṣíwájú Phoenix Suns nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlá. Devin Booker ti Phoenix gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, Adétòkunbọ̀ sì bọ́ síwájú kí ìyẹn má baà rí àyè jù ú. Nígbà tí Booker gbé bọ́ọ̀lù sókè fún Deandre Ayton tó ti kọjá sẹ́yìn rẹ̀, Adétòkunbọ̀ yí padà, ó fò, ó sì gbá a dànù lọ́wọ́ Ayton. Milwaukee fi 109 sí 103 borí, ọ̀sẹ̀ kan kò sì pé kí wọ́n tó gba ife ẹ̀yẹ. Ìwé àtijọ́ yóò kọ blọ́ọ̀kì kan; ìṣirò àfikún yóò pín iyì náà fún gbogbo ènìyàn márùn-ún; kámẹ́rà nìkan ni ó lè fi hàn pé alátakò méjì ni ọkùnrin kan ṣoṣo dí lọ́nà láàárín ìgbésẹ̀ díẹ̀.

Kíkéré ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn

Síbẹ̀, bí kámẹ́rà ṣe ríran tó, kò lè sọ ohun díẹ̀ di púpọ̀. Ìfigagbága 82 ni ẹgbẹ́ NBA ń gbá ní sáà kan, ìṣẹ́jú 48 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,936. Bí ogójì nínú ìfigagbága náà bá fún pinpin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì mú ìṣẹ́jú mẹ́rin wá, ìṣẹ́jú 160 péré ni ó kóra jọ, ìyẹn nǹkan bí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ìwọ̀nba yìí, orí lè ṣe é ju ọgbọ́n lọ. Bí àwọn alátakò bá ju bọ́ọ̀lù aláyò mẹ́ta nígbà ọgọ́rùn-ún níwájú adilémú kan, tó sì jẹ́ pé 35 ni ó yẹ kí ó wọlé, ó rọrùn kí 30 wọlé ní sáà kan kí 40 sì wọlé ní sáà tó tẹ̀ lé e, láìjẹ́ pé adilémú náà yí ohunkóhun padà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi sáà kìíní pè é ní akọni ìparí eré, tó sì fi sáà kejì bú u, ìṣirò kọ́ ni ó ṣe. Ohun tó bójú mu ni kí ènìyàn fi iṣẹ́ gbogbo sáà àti sáà mélòó kan ṣe ìpìlẹ̀, kí ó wá wo bóyá ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn yàtọ̀ sí i, kí ó sì máa rántí pé àwọn alátakò náà ń yí padà ní àkókò yẹn, nítorí pé àwọn tó mọ iṣẹ́ jù lọ ni wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù sí lọ́wọ́.

Bí NBA ṣe pín àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì yanjú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìkéde kan ṣoṣo ni ó fi orúkọ Hakeem Ọlájùwọ́n sí àmì ẹ̀yẹ adilémú tó dára jù lọ, tó sì dá àmì ẹ̀yẹ tuntun sílẹ̀ fún ẹni tó ta yọ ní ìparí ìfigagbága tó fún pinpin, pẹ̀lú orúkọ Jerry West, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́. De'Aaron Fox ni ó kọ́kọ́ gba ti West, Stephen Curry àti Jalen Brunson sì tẹ̀ lé e. Ayò jíjẹ ni wọ́n fi mọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdilémú ní àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀, ìparí ìfigagbága ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìdilémú ní ìparí ìfigagbága, iṣẹ́ tí Ọlájùwọ́n ṣe níwájú Starks gan-an, kò tíì ní.

Ohun tí ìtàn yìí béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé

Ní Nàìjíríà, ìdilémú ti di ohun tí wọ́n fi mọ àwọn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Àwọn ọkùnrin fi 74 sí 65 borí Àǹgólà láti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 2015, wọ́n sì fi 90 sí 87 borí Amẹ́ríkà ní ìlú Las Vegas ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2021. Àwọn obìnrin, D'Tigress, gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà nígbà márùn-ún léraléra láti ọdún 2017 dé 2025. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Paris ní ọdún 2024, Australia kò jẹ ju ayò 62 lọ níwájú wọn, wọ́n sì fi 79 sí 70 borí Kánádà, tí wọ́n fi di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kù nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Òlíńpíìkì. Nínú àwọn ìdíje àgbáyé bẹ́ẹ̀, ìwé akọ̀wé ń gbé blọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n já gbà àti iye àfikún ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde.

Ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ àti ti àdúgbò, ìwé ayò nìkan ni ó sábà máa ń wà, bí ìgbà Russell gan-an. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì gba kámẹ́rà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ní Ìgbògbò, ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ lè fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní bírò àti ìwé ẹlẹ́kọ̀ọ́, kí ó sọ fún un pé, nígbàkúùgbà tó bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìyàtọ̀ ayò kò sì ju márùn-ún lọ, kí ó kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí alátakò bá gbé bọ́ọ̀lù bọ̀: àwọn márùn-ún tó wà lórí pápá, ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó ju bọ́ọ̀lù, ibi tó ti jù ú, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kí ó má gbàgbé láti kọ ìgbà tí alátakò wọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀, tó rí ẹni tó dúró síbẹ̀, tó sì gbé bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn láìjù ú, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ adilémú ti ń sọnù jù lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kò ní sọ nǹkan kan, oṣù kan yóò sọ díẹ̀, sáà méjì tàbí mẹ́ta yóò sì fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tí orí ṣe é ní àǹfààní lẹ́ẹ̀kan àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́.

Ìlú tó bí Ọlájùwọ́n ní ẹ̀tọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kò sí àkọsílẹ̀ blọ́ọ̀kì kan fún Bill Russell nínú sáà mẹ́tàlá tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù ní NBA, kò sì sí ìṣirò tuntun kankan tó lè dá wọn padà, nítorí pé ohun tí akọ̀wé kò kọ ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, kámẹ́rà ọdún tó ń bọ̀ kò lè rí i. Ọmọbìnrin tàbí ọmọkùnrin tó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ dí ilé mú ní ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn ní Ìgbògbò lónìí yẹ ní ẹni tí wọ́n ń ka iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ayò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá sì bẹ̀rẹ̀ kíkà náà ní sáà yìí ni yóò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá wá béèrè ẹni tó tọ́ sí ipò nínú ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ tàbí ti orílẹ̀-èdè.